Àbúrò Mi, Kí Oníná Kí O Tó Ya Ìyàwó

Àbúrò mi,

Nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, mo ti gbọ́ ẹ̀rù lóhùn rẹ kí o tó sọ ohun tó fà á. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú họ́ọ̀lù ni wọ́n máa ṣe gbogbo rẹ̀ o, láti ìdána títí dé ìgbà tí wọ́n máa gé kéèkì. A ò ní jáde síta rárá." Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa. Òun ló bá mi gbé fún ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe iṣẹ́ fọ́tò.

Níta gbangba, oòrùn ń tàn fún olówó, ó ń tàn fún tálákà, kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Nínú họ́ọ̀lù, gbogbo iná tí o bá rí ló ní ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀, ẹnì kan ló lè tàn án, ẹnì kan náà ló sì lè pa á nígbà tí o nílò rẹ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí o tó wá ìyàwó lọ, wá àwọn tó ni iná, kí o sì kí wọn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa lẹ́ǹsì àti fláàṣì, abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló wà.

Ọjọ́ tí ojú ìyá ìyàwó di àlùkò

Jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú. Ìbàdàn ni, ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá. Họ́ọ̀lù náà tóbi, wọ́n fi aṣọ dúdú bo àjà rẹ̀, wọ́n wá to iná LED búlúù àti àlùkò yí gbogbo ògiri ká. Lójú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó rẹwà gan-an. Mo dé nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìyàwó wọlé, mo tan kámẹ́rà, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí bàbá ìyàwó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí láti súre fún un, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ìyá rẹ̀, iwájú wọn gan-an ni mo wà. Mo ya fọ́tò mẹ́rìnlá.

Nígbà tí mo délé tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ìyá yẹn jẹ́ búlúù, ti òsì jẹ́ àlùkò. Omijé rẹ̀ kò hàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbìyànjú láti tún un ṣe. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé bí iná bá jẹ́ búlúù nìkan, kò sí pupa kankan nínú rẹ̀ tí kámẹ́rà lè gbà wọlé, ohun tí kò bá sì wọ inú kámẹ́rà, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè mú un jáde. Nígbẹ̀yìn, mo sọ àwọn fọ́tò náà di dúdú àti funfun kí n tó lè kó wọn fún àwọn tó ni wọ́n. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, pupa fòò ni, òun fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀ náà, kò sì sí pupa nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ ti ń súre fún ọmọ wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó ń darí iná yẹn jókòó sí igun họ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà náà. Ọmọkùnrin kan ni, ó gbé pátákó bọ́tìnì kan lé orí tábìlì. Ká ní mo lọ bá a, ká ní mo kí i, bọ́tìnì kan péré ló máa tẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ta ló ni iná?

Láti ọjọ́ náà, wákàtí méjì ṣáájú àwọn àlejò ni mo máa ń dé họ́ọ̀lù, mo sì máa ń wá àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni máníjà họ́ọ̀lù. Òun ló mọ ibi tí bọ́tìnì àwọn gílóòbù òkè wà, òun ló sì mọ èyí tí kò tàn mọ́ láti oṣù tó kọjá. Bi í léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń yí láti orí iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀, nítorí iná á ṣẹ́jú nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ó bá ọ níbi tí o ti ń ya òrùka.

Èkejì ni àwọn tó ṣe họ́ọ̀lù lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn ló ni iná tó wà lẹ́yìn àga ọkọ àti ìyàwó. Bí iná yẹn bá lágbára ju èyí tó wà níwájú lọ, ojú tọkọtaya á ṣókùnkùn, ẹ̀yìn wọn á máa dán. Sọ fún wọn kí wọ́n tó so ohun gbogbo pọ̀ tán, torí kò sí ẹni tó máa fẹ́ tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀ nígbà tí àlejò ti ń wọlé.

Ẹ̀kẹta ni DJ, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń darí àwọn iná tó ń yí kiri. Ẹ̀kẹrin ni onífídíò. Iná funfun tó gbé sórí ọ̀pá lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tó dára jù fún ọ, bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí ibi tí yóò dúró sí. Bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, inú fọ́tò rẹ ni yóò máa tàn sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn alága, alága ìdúró àti alága ìjókòó. Wọn kò ní iná, àmọ́ àwọn ló ni àkókò. Alága tó bá mọ̀ ọ́ á dá ọkọ ìyàwó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí o lè ráyè ya fọ́tò rẹ.

Báyìí ni mo ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń ya fọ́tò lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, bí bàbá ìyàwó bá dìde láti súre, ẹ bá mi fi iná funfun sórí pèpéle fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, gbogbo àwọ̀ tó bá wù yín ni kí ẹ tàn." Ìwọ̀nba ènìyàn ló kọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí. Bí mo bá sì ti ṣe fọ́tò tán, mo máa ń fi méjì mẹ́ta tó fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn ránṣẹ́ sí wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òde mìíràn tí ẹ bá tún ti pàdé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kí ọ.

Na ọwọ́ rẹ

Lẹ́yìn ìkíni, gbé kámẹ́rà kalẹ̀, kí o wá na ọwọ́ rẹ síwájú bí ẹni fẹ́ gba nǹkan. Dúró síbi tí ìyàwó máa dúró sí, kí o máa yí ara rẹ díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ibì kan wà tí ó máa mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òjìji díẹ̀ máa wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí egungun ìka rẹ á yọ dáadáa. Ibẹ̀ ni kí ojú ìyàwó kọ sí. Bí o bá rí i pé orí ọwọ́ nìkan ló mọ́lẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ ṣú, iná òkè orí nìyẹn. Ó máa fi òkùnkùn sínú ihò ojú gbogbo ẹni tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀. Sún síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì, kí o tún wò ó. Kò sí ẹ̀rọ tó sàn ju ọwọ́ yẹn lọ, nítorí awọ ara ènìyàn ni, bíi ti ìyàwó.

Ṣe é níbi márùn-ún: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé, ibi ìdọ̀bálẹ̀, àga tọkọtaya, ẹ̀gbẹ́ kéèkì, àti ibi ijó. Ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kí o sì kọ àwọn nọ́ńbà tí kámẹ́rà rẹ lò níbẹ̀ sórí fóònù.

Wo bóyá iná ń ṣẹ́jú pẹ̀lú. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n iná mànàmáná Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ gílóòbù olówó pọ́ọ́kú sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Bí ṣọ́tà rẹ bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, èkejì á ṣú, tàbí kí ìlà dúdú gba àárín rẹ̀ kọjá. Gbé ṣọ́tà sí 1/100, ìyọnu náà á rọlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 50 náà ni. Bí ó bá di ọjọ́ tí àwọn ènìyàn wa ní Houston bá pè ọ́, rántí pé 60 ni ti Amẹ́ríkà, kí o lo 1/125 tàbí 1/60.

Lẹ́ǹsì tí mo máa ń kó lọ

O bi mí bóyá lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà rẹ wá tó. Òótọ́ ni mo máa sọ fún ọ: níta, ó tó, nínú họ́ọ̀lù, kò tó. Lẹ́ǹsì 18-55mm yẹn, bí o bá fà á dé 55, ihò rẹ̀ á kéré dé f/5.6. Lẹ́ǹsì 50mm oníhò f/1.8, tó jẹ́ pé òun ló wà lára èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní ọjà, ń jẹ́ kí iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn wọlé. Bí owó rẹ kò bá ju ti lẹ́ǹsì kan lọ, òun ni kí o kọ́kọ́ rà. Bí owó bá tún wọlé, ra 85mm f/1.8 fún ojú ìyàwó, nítorí kì í yí imú ènìyàn padà, o sì lè jìnnà díẹ̀ kí ara ìyàwó balẹ̀.

Iṣẹ́ gidi nínú họ́ọ̀lù, 24-70mm f/2.8 ló ń ṣe é fún mi. Òun ló máa ń wà lọ́rùn mi láti àárọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọn kò ti ní jẹ́ kí o sún mọ́ pẹpẹ, 70-200mm f/2.8 ni mo máa ń fi dúró lẹ́yìn, tí màá sì rí òrùka bí ẹni pé mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí o kò bá ní in, yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí kí o háyà rẹ̀, àmọ́ jẹ́ kí ó dé ọwọ́ rẹ láti Ọjọ́bọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lẹ́ǹsì tí o kò tíì fi ya ẹnikẹ́ni rí, má fi ojú ìyàwó kọ́ ọ.

Bí o bá lè rí kámẹ́rà méjì, so lẹ́ǹsì kan mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o má sì tú wọn nínú họ́ọ̀lù. Eruku ọyẹ́ inú oṣù Kejìlá kò mọ̀ pé iṣẹ́ lo wá ṣe.

Fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. F/1.8 máa ń dùn mọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ọkọ bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan dúró sẹ́yìn ìyàwó, ojú ìyàwó á mọ́ kedere, ti ọkọ á rí bàìbàì. Fún ẹni méjì, lo f/2.8 sí f/4. Fún ẹbí tó tò ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, f/5.6 sí f/8 ni. Bí lẹ́ǹsì bá sì fẹ̀ dé 24mm, ẹni tó wà létí fọ́tò á fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Má ṣe fi ìyá ìyàwó síbẹ̀. Sún sẹ́yìn, lo 50mm, gbogbo wọn á rí bí Ọlọ́run ṣe dá wọn.

Ní ti ṣọ́tà, níbi tí iná kò bá ti ṣẹ́jú, 1/125 tó fún ẹni tó ń kúnlẹ̀ gbàdúrà, 1/200 fún ẹni tó ń jó. Bí lẹ́ǹsì bá gùn dé 200mm, má jẹ́ kí ṣọ́tà lọ sílẹ̀ ju 1/200 lọ, kí ọwọ́ rẹ má bàa gbọ̀n wọ inú fọ́tò. Ohun tó kù, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gbọ́ iná sí, ló máa gbé e. Má bẹ̀rù 3200. Má bẹ̀rù 6400 lórí kámẹ́rà tó ṣì tuntun díẹ̀. Fọ́tò tó ní hóró wínníwínní, àwọn ènìyàn á gbé e kọ́ sára ògiri ilé wọn. Èyí tí ojú ìyàwó ti rú mọ́ra, kò sí ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Fláàṣì: jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kan nǹkan

Má ṣe kọ fláàṣì sí ojú ènìyàn tààràtà. Àtíkè àti òróró tí wọ́n fi ṣe ojú ìyàwó á máa kọ mànà, òjìji dúdú á sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Yí orí fláàṣì sókè sí àjà, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí ògiri funfun, kí iná lọ kàn án kó tó padà wá bá ojú. Ó máa rọ̀ bí iná fèrèsé. Ṣùgbọ́n wo àjà náà kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti fi aṣọ dúdú bò ó, iná rẹ á wọ ibẹ̀, kò ní padà. Bí aṣọ náà bá jẹ́ àwọ̀ góòlù, gbogbo ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Nínú irú họ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé fláàṣì méjì sórí ọ̀pá, ọ̀kan ní igun ọ̀tún pèpéle, ọ̀kan ní igun òsì, kí wọ́n ga ju orí ènìyàn lọ, kí n sì fi ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí kámẹ́rà pàṣẹ fún wọn. So ẹsẹ̀ ọ̀pá mọ́ òpó, tàbí kí o gbé àpò yanrìn lé e. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, etí aṣọ ẹbí sì ń fà nílẹ̀.

Rántí bí iná ṣe ń rẹ̀ bí ó bá ṣe ń jìnnà. Ẹni tó wà ní mítà méjì sí fláàṣì ń gba ìlọ́po mẹ́rin iná tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní mítà mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó tó wà níwájú fi máa ń funfun gbòò, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn sì máa ń rì sínú òkùnkùn. Gbé fláàṣì jìnnà sí gbogbo wọn bákan náà, ìyàtọ̀ á dín kù.

Ohun mẹ́ta mìíràn rèé ní kúkúrú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í bá fláàṣì rìn ju 1/200 tàbí 1/250 lọ. Bí o bá kọjá rẹ̀ láìtan ètò tí wọ́n ṣe fún un, àbọ̀ fọ́tò á dúdú. Gílóòbù tó pọ́n bí ọsàn máa ń wà ní nǹkan bí 3200K, fláàṣì ní 5500K. Da ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn bo ẹnu fláàṣì kí àwọn méjèèjì lè fi àwọ̀ jọra, kí o sì tún kámẹ́rà ṣe sí ti gílóòbù. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti gbà mí jù: gbé ISO sókè, kí o sì dín agbára fláàṣì kù. Fláàṣì tó bá ń yọ gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á sinmi kó tó lè tún tàn, àárín ìsinmi yẹn gan-an ni bàbá máa dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Bí o bá fi agbára rẹ̀ sí 1/8, ó máa ń ṣe tán nígbàkígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bi pásítọ̀ bóyá fláàṣì yẹ lásìkò àdúrà. Ní mọ́sáláṣí, bọ́ bàtà, bo orí rẹ, kí o béèrè ibi tí obìnrin lè dúró sí. Bí wọ́n bá ní kò sí fláàṣì, pa á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì lọ bá fèrèsé.

Adúmáradán àti aṣọ funfun

Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ohun gbogbo tó bá rí, àwọ̀ eérú ló fẹ́ sọ ọ́ dà. Bí gáùn funfun bá kún ojú rẹ̀, ó máa rò pé iná ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyàwó á sì ṣú. Bí agbádá dúdú bá kún ojú rẹ̀, á fi iná kún un, ojú ọkọ á sì funfun jù. Nítorí náà, ojú ènìyàn ni kí o fi díwọ̀n iná, má fi aṣọ díwọ̀n rẹ̀. Fi RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, yà á, kí ó lè gba àtúnṣe díẹ̀ bí o bá délé.

Ní ayé fíìmù, ilé-iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tún àwọ̀ gbogbo ènìyàn tó kù ṣe. Ó wà lára ohun tó mú kí fíìmù máa ṣe àṣìṣe lórí awọ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí àṣìṣe yẹn ti ọwọ́ rẹ padà wá. Awọ dúdú ń fẹ́ iná tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, tó rọ̀, tó sì fẹ̀, kí dídán rẹ̀ lè yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká. Bí o bá délé, má bó ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà. Bí ìyàwó bá jẹ́ adúmáradán, adúmáradán ni kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí nínú fọ́tò náà lọ́jọ́ iwájú.

Ibi tí ó yẹ kí o dúró sí

Ìdána ní ètò tirẹ̀, ẹni tó bá mọ ètò ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dé ibẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, má dúró sẹ́yìn wọn, bàtà àti gìgísẹ̀ nìkan lo máa rí. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ àga àwọn òbí, lo 35mm, kí o lóṣòó títí ojú rẹ á fi bá ojú wọn dọ́gba. Nígbà tí wọ́n bá ń ka lẹ́tà ìtọrọ, ojú ìyá ìyàwó ni kí o máa wò, má wo lẹ́tà. Nígbà tí ìyàwó bá mú Bíbélì tàbí Kùránì láàárín àwọn ẹrù, ọwọ́ rẹ̀ ni fọ́tò. Nígbà tó bá ń dé fìlà fún ọkọ rẹ̀, dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan kí apá rẹ̀ má bàa bo ojú ọkọ. Bi alága léèrè apá ibi tí wọ́n máa kọjú sí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ìnáwó, owó á máa fò kọjá níwájú lẹ́ǹsì. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, gbé kámẹ́rà sókè ju orí lọ, fi ṣọ́tà sí 1/250, kí o sì dúró de ẹ̀rín.

Má gbàgbé àwọn àgbà. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ àròkọ nípa fọ́tò Yorùbá sínú ìwé *African Arts*. Ó ṣàkíyèsí bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń jókòó kọjú sí kámẹ́rà gangan, aṣọ ńlá lára, ọwọ́ lórí itan, kí gbogbo ara hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Títí di òní, bàbá àgbà tó bá rí kámẹ́rà rẹ á tẹ́ agbádá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Má sọ fún un pé kó yí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó rẹ́rìn-ín. Kúnlẹ̀ kí i, gbé àga rẹ̀ sún mọ́ iná, kí o sì yà á bí ó ṣe fẹ́ kí a rántí òun.

Gèlè náà, yà á láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́. J.D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Ìbàdàn ní 1954, tó sì di olóògbé ní 2014, fi ọ̀pọ̀ ọdún ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà láti 1968, ó ya gèlè pẹ̀lú. Ẹ̀yìn orí ló ti ya ọ̀pọ̀ irun wọ̀nyẹn, gbogbo ìlà ọwọ́ onídìrí sì hàn níbẹ̀. Fún gèlè ní iná tó ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí o lè rí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan.

Kí o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ṣáájì gbogbo bátìrì, ti fláàṣì pẹ̀lú. Fi káàdì méjì sínú kámẹ́rà bí ó bá ní àyè méjì, kí fọ́tò kan náà máa wọ inú méjèèjì. Má nu ohunkóhun kúrò lórí káàdì títí wọn yóò fi wà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Jẹ́ kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kí owó àkọ́kọ́ sì ti wọlé. Jẹun láàárọ̀, nítorí nígbà tí wọ́n bá ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, ìwọ lo máa wà lórí ìdúró.

Mo mọ̀ pé o lè ṣe é. Ojú rẹ mọ́, ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n, o sì fẹ́ràn ènìyàn. Ní Sátidé yìí, dé họ́ọ̀lù ní wákàtí méjì ṣáájú. Gbé kámẹ́rà kalẹ̀, na ọwọ́ rẹ, kí o yí i lábẹ́ iná. Lẹ́yìn náà, wá ọmọkùnrin tó jókòó ti pátákó bọ́tìnì ní igun họ́ọ̀lù, béèrè orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ fún un pé, "O kú iṣẹ́."